Bibliometrics nínú iṣẹ́ ilé-ìkàwé ìṣègùn

Bibliometrics jẹ́ ẹ̀ka ìmọ̀ tó ń fi òǹkà yẹ ìwé àti àpilẹ̀kọ àwọn onímọ̀ wò: bí wọ́n ṣe pọ̀ tó, àwọn tó kọ wọ́n, jọ́nà tí wọ́n ti jáde, àti iye ìgbà tí àwọn òǹkọ̀wé mìíràn tọ́ka sí wọn. Ní èdè Yorùbá, a lè pè é ní ìmọ̀ ìwọ̀n ìwé. Nínú iṣẹ́ ìṣègùn, èjìká àwọn olùtọ́jú ilé-ìkàwé ni iṣẹ́ yìí sábà máa ń já lé, nítorí pé àwọn ni wọ́n mọ bí a ṣe ń to ìwé, bí a ṣe ń wá a rí, àti ibi tí àṣìṣe máa ń fara pamọ́ sí nínú àkójọ dátà.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ìwé nìkan. Dókítà, nọ́ọ̀sì tàbí onímọ̀ oògùn tó ń ṣe ìwádìí máa ń nílò òǹkà wọ̀nyí nígbà tó bá ń wá ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́, nígbà tó bá ń tọrọ owó ìrànwọ́ ìwádìí, àti nígbà tí yunifásítì rẹ̀ bá fẹ́ mọ ohun tí owó tó ná ti mú wá. Bí wọ́n bá ka ìtọ́kasí ẹnì kan ní ìdajì, ipò tó tọ́ sí i lè bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí wọ́n bá sì ka ti ẹlòmíràn mọ́ tirẹ̀, ìtìjú ni fún un lọ́jọ́ tí àṣírí bá tú, bí kò tilẹ̀ mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ìtàn

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ilé-ìkàwé ti wà nídìí ìmọ̀ yìí. Ní ọdún 1927, P. L. K. Gross àti E. M. Gross ka àwọn ìtọ́kasí tó wà nínú jọ́nà ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kí wọ́n lè mọ àwọn jọ́nà tó yẹ kí ilé-ìkàwé kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré máa rà. Ìbéèrè wọn kò ju èyí tí olùtọ́jú ilé-ìkàwé èyíkéyìí máa ń bi ara rẹ̀ lọ: owó kò tó, èwo ni ká rà, èwo ni ká fi sílẹ̀? Ní 1934, Samuel Bradford, tó ń bójú tó ilé-ìkàwé Science Museum ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣàlàyé pé jọ́nà díẹ̀ ló máa ń kó ìpín ńlá nínú àpilẹ̀kọ lórí kókó kan, tí ìyókù á sì fọ́n ká sínú jọ́nà rẹpẹtẹ. Ní ọdún kan náà, Paul Otlet, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, lo ọ̀rọ̀ Faransé náà bibliométrie nínú ìwé rẹ̀. Alan Pritchard ló sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1969.

Ẹni tí orúkọ rẹ̀ so mọ́ ìmọ̀ yìí jù lọ ni Eugene Garfield (1925–2017), inú ilé-ìkàwé ìṣègùn gan-an ni èrò rẹ̀ sì ti hù. Ní 1951, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Welch Medical Library ti Yunifásítì Johns Hopkins, ní ìlú Baltimore, nínú iṣẹ́ àkànṣe kan tó ń wá ọ̀nà láti fi ẹ̀rọ ṣe atọ́ka ìwé ìṣègùn. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ nípa Shepard's Citations, ìwé atọ́ka tí àwọn agbẹjọ́rò Amẹ́ríkà ti ń lò láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ìwé yìí ló ń fi hàn wọ́n bóyá ìdájọ́ àtijọ́ kan ṣì fẹsẹ̀ múlẹ̀ tàbí ilé-ẹjọ́ mìíràn ti yí i padà. Garfield rò ó pé bí ó bá ṣeé ṣe fún ẹjọ́, ó yẹ kí ó ṣeé ṣe fún sáyẹ́ǹsì. Ó kọ èrò náà sínú jọ́nà Science ní 1955, ó dá Institute for Scientific Information sílẹ̀ ní Philadelphia, ilé-iṣẹ́ náà sì gbé Science Citation Index jáde ní 1964. Èrèdí iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ kì í ṣe láti máa fún ènìyàn ní máàkì. Ó fẹ́ kí òǹkàwé lè mọ ẹni tó ti tako àpilẹ̀kọ kan kí òun tó gbára lé e. Ọ̀pọ̀ nínú wàhálà tó dé lẹ́yìn náà wá láti inú ìgbàgbé ohun tí wọ́n torí rẹ̀ dá a sílẹ̀.

Àkójọ Garfield ló wà nínú Web of Science lónìí. Scopus, ti ilé-iṣẹ́ Elsevier, àti Google Scholar dé ní 2004. OpenAlex, tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé, bẹ̀rẹ̀ ní 2022. PubMed, tí ilé-ìkàwé ìṣègùn ìjọba Amẹ́ríkà ṣí sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ènìyàn ní 1997, jẹ́ ibi ìwáǹkan ní pàtàkì, ṣùgbọ́n òun ni ọ̀pọ̀ olùtọ́jú ilé-ìkàwé ìṣègùn kọ́kọ́ máa ń ṣí, nítorí pé àwọn ọ̀rọ̀ atọ́ka MeSH tó wà nínú rẹ̀ máa ń jẹ́ kí ìwádìí lórí àrùn kan wà lójú kan bí àwọn òǹkọ̀wé tilẹ̀ pe àrùn náà ní orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Àwọn òǹkà àti ohun tí wọ́n ń sọ

Impact factor ni àwọn olùṣèwádìí ìṣègùn máa ń bèèrè jù. Òǹkà jọ́nà ni, kì í ṣe òǹkà ènìyàn, kì í sì í ṣe òǹkà àpilẹ̀kọ kan ṣoṣo. Ká ní jọ́nà kan tẹ àpilẹ̀kọ 100 jáde ní 2022, ó sì tẹ 100 mìíràn ní 2023. Bí àwọn òǹkọ̀wé bá tọ́ka sí àpilẹ̀kọ ọdún méjèèjì yìí ní ìgbà 300 láàárín ọdún 2024, a ó fi 200 pín 300, impact factor jọ́nà náà fún 2024 yóò sì jẹ́ 1.5. Journal Citation Reports, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1975, ló ń kéde rẹ̀ lọ́dọọdún.

Ìpíndọ́gba yìí ló ń tan ènìyàn jẹ. Per Seglen, olùṣèwádìí ọmọ ilẹ̀ Norway, fi hàn nínú àwọn jọ́nà tó yẹ̀ wò pé ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún àpilẹ̀kọ ló ń kó ìdajì gbogbo ìtọ́kasí. Ìyẹn ni pé ọ̀pọ̀ àpilẹ̀kọ tó wà nínú jọ́nà ńlá ń jẹun lórí orúkọ àwọn díẹ̀. Àpẹẹrẹ tó hàn gbangba ni ti jọ́nà Acta Crystallographica Section A. Ní 2008, ó tẹ àpilẹ̀kọ kan tí George Sheldrick kọ lórí ètò kọ̀ǹpútà SHELX jáde, àpilẹ̀kọ náà fúnra rẹ̀ sì dábàá pé kí àwọn tó bá lo ètò náà máa tọ́ka sí òun. Impact factor jọ́nà yìí, tó wà ní nǹkan bíi 2, fò sókè dé nǹkan bíi 50 fún ọdún 2009. Àwọn yòókù tí àpilẹ̀kọ wọn wà nínú jọ́nà náà lásìkò yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́n ju bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ.

Fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, òǹkà tó gbajúmọ̀ ni h-index, tí Jorge Hirsch, onímọ̀ físíìsì ní Yunifásítì California ní San Diego, dábàá ní 2005. Ẹni tí h-index rẹ̀ jẹ́ 12 ní àpilẹ̀kọ 12 tí wọ́n ti tọ́ka sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìgbà 12, ó kéré tán. Kò ṣòro láti lóye, ìdí sì nìyẹn tí àwọn ìgbìmọ̀ ìgbéga fi fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í lọ sílẹ̀, ó máa ń gbè sẹ́yìn àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, kì í sì í bìkítà bóyá ẹnì kan ló kọ àpilẹ̀kọ tàbí igba ènìyàn. Dókítà tó kọ àpilẹ̀kọ mẹ́ta péré tó yí ìtọ́jú àrùn kan padà kò lè ní ju h-index 3 lọ láéláé, bí gbogbo ayé tilẹ̀ ń tọ́ka sí i. Obìnrin tó dá iṣẹ́ ìwádìí dúró fún ọdún díẹ̀ láti tọ́ ọmọ náà á rí i lára òǹkà rẹ̀.

Ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀ka ìmọ̀ tún wà níbẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ìwádìí lórí jẹjẹrẹ pọ̀ ju àwọn tó ń ṣe ti ejò jíjẹ lọ fíìfíì, nítorí náà ìtọ́kasí 20 lórí ejò lè wúwo ju 60 lórí jẹjẹrẹ lọ. Láti bá èyí wí, àwọn òṣìṣẹ́ ní National Institutes of Health ti Amẹ́ríkà gbé Relative Citation Ratio jáde ní 2016. Òǹkà yìí ń fi àpilẹ̀kọ wé àwọn tó wà nínú ẹ̀ka tirẹ̀: èyí tó bá jẹ́ 1.0 wà ní ìpíndọ́gba àwọn àpilẹ̀kọ tí NIH náwó lé lórí, èyí tó bá jẹ́ 2.0 sì ń gba ìlọ́po méjì. Ẹnikẹ́ni lè rí i lọ́fẹ̀ẹ́ lórí iCite, bí àpilẹ̀kọ náà bá ti wà nínú PubMed.

Ohun tí olùtọ́jú ilé-ìkàwé máa ń tẹnu mọ́ fún àwọn olùṣèwádìí tuntun ni pé ìtọ́kasí kì í ṣe ìyìn. Àpilẹ̀kọ tí wọ́n tíì tọ́ka sí jù nínú ìtàn sáyẹ́ǹsì, tó ti kọjá ìgbà 300,000, ni èyí tí Oliver Lowry àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ní 1951 lórí bí a ṣe lè wọn purotéènì. Ọ̀nà ìṣiṣẹ́ ni, kì í ṣe àwárí tó mì ayé tìtì. Lọ́wọ́ kejì, àpilẹ̀kọ Andrew Wakefield, tó jáde nínú Lancet ní 1998, tó so abẹ́rẹ́ àjẹsára MMR mọ́ autism, gba ìtọ́kasí rẹpẹtẹ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ láti já a nírọ́. Lancet fagi lé e pátápátá ní 2010. Ẹ̀rọ tó ń ka ìtọ́kasí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín àmì ọlá àti àmì ẹ̀sùn.

Ọ̀rọ̀ orúkọ

Èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ bibliometrics kì í ṣe ìṣirò. Wíwá ẹni tó ni àpilẹ̀kọ ni. Lórí èyí, àwọn olùṣèwádìí Yorùbá wà lára àwọn tí ìṣòro náà ń bá fínra jù, nílé àti lókè òkun.

Ṣáájú 2002, ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ àbísọ nìkan ni PubMed máa ń kọ sílẹ̀. Nígbà tí orúkọ àbísọ Yorùbá tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú A tàbí O pọ̀ bí eṣú, tí orúkọ bàbá bí Adéyẹmí tàbí Ògúnlẹ́yẹ sì wà ní gbogbo ìlú, ẹni mẹ́wàá lè pín "Adeyemi AO" kan ṣoṣo. Oníṣẹ́-abẹ ni ọ̀kan, onímọ̀ ọ̀gbìn ni èkejì, ẹ̀kẹta sì ti fẹ̀yìn tì láti ìgbà pípẹ́. Ẹ̀rọ máa ń kó gbogbo wọn pọ̀ sójú kan láìbìkítà.

Òdìkejì rẹ̀ náà wọ́pọ̀. Àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà kì í sábà wọ inú àkójọ dátà bó ṣe yẹ. Orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ṣ lè di S níbì kan, kí ó di Sh níbòmíràn, tó fi jẹ́ pé Ṣónúgà kan ṣoṣo á di Sonuga àti Shonuga, ìtọ́kasí rẹ̀ á sì pín sí méjì. Obìnrin tó fi orúkọ bàbá rẹ̀ tẹ àpilẹ̀kọ jáde, tó wá fi àmì ìdè so orúkọ ọkọ mọ́ ọn lẹ́yìn ìgbéyàwó, tó sì jẹ́ pé ti ọkọ nìkan ló kù nígbà tó yá, lè ní ojú-ewé mẹ́ta nínú Scopus. Ẹni tó gé Olúwaṣeun kù sí Ṣeun tún dá kún un. Bí h-index rẹ̀ bá jẹ́ 14 ní òtítọ́, ó lè jẹ́ 6 ni ìgbìmọ̀ á rí.

Orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà kò rọrùn. Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1948 gẹ́gẹ́ bíi kọ́lẹ́ẹ̀jì lábẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù, ó sì di yunifásítì tó dá dúró ní 1962, nítorí náà "University College, Ibadan" ló wà lórí àwọn àpilẹ̀kọ àkọ́kọ́. Àwọn dókítà ibẹ̀ tún ń kọ orúkọ ilé-ìwòsàn UCH ní àwọn ìgbà kan, orúkọ College of Medicine ní ìgbà mìíràn, àti ti ẹ̀ka tí wọ́n wà nígbà tó bá yá. Olùtọ́jú ilé-ìkàwé tó bá fẹ́ ka iṣẹ́ ìṣègùn Ìbàdàn pé gbọ́dọ̀ to gbogbo orúkọ wọ̀nyí sínú ìwáǹkan rẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni pé kí wọ́n gba ìwé àkọsílẹ̀ ìgbésí-ayé iṣẹ́ olùṣèwádìí náà, kí wọ́n fi àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan wé ohun tó wà nínú àkójọ dátà, kí wọ́n kọ̀wé sí Scopus tàbí Web of Science láti da àwọn ojú-ewé tó tú ká pọ̀, kí wọ́n sì yọ èyí tí kì í ṣe tirẹ̀ kúrò. Lẹ́yìn náà, wọ́n á bá a gba nọ́ḿbà ORCID. Nọ́ḿbà oníka mẹ́rìndínlógún yìí, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2012, kò náni ní kọ́bọ̀, kì í yí padà bí orúkọ bá yí padà, ọ̀pọ̀ jọ́nà ìṣègùn sì ti ń bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ òǹkọ̀wé kí wọ́n tó gba iṣẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ tí kò ní ariwo ni, ó sì lè gba odidi ọjọ́ kan fún ẹnì kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n òun ni gbogbo òǹkà yòókù dúró lé.

Àpilẹ̀kọ tí àkójọ dátà kò rí

Kò sí àkójọ dátà tó kó gbogbo ìwé ayé. Web of Science máa ń ṣa jọ́nà yàn gan-an, Scopus fẹ̀ jù ú lọ, Google Scholar sì fẹ̀ ju méjèèjì lọ, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí pọ̀ nínú rẹ̀ nítorí pé ẹ̀rọ ló ń kó o jọ láìsí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Olùṣèwádìí kan náà lè ní òǹkà mẹ́ta lọ́jọ́ kan náà, kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì tọ̀nà ní ibi tí a ti kà wọ́n.

Àwọn tó máa ń pàdánù jù ni àwọn tó ń kọ nípa ìṣòro agbègbè wọn. Ìwádìí lórí àrùn fọ̀níkú-fọ̀ladìde, tàbí lórí bí àwọn aláboyún ìgbèríko ṣe ń rí ìtọ́jú, lè jáde nínú jọ́nà ilẹ̀ Nàìjíríà níbi tí àwọn dókítà tó nílò rẹ̀ yóò ti kà á. Bí jọ́nà náà kò bá sí nínú Web of Science, àfi bí ẹni pé wọn kò kọ ọ́ rárá. Nítorí èyí ni olùtọ́jú ilé-ìkàwé tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ fi máa ń wo African Journals Online, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1998, àti African Index Medicus ti Àjọ Ìlera Àgbáyé. Àwọn ilé-ìkàwé bíi E. Latunde Odeku Medical Library ní Ìbàdàn, tí wọ́n fi sọrí oníṣẹ́-abẹ ọpọlọ tó gbé ayé láti 1927 sí 1974, wà ní ipò tó dára fún irú iṣẹ́ yìí, torí pé ẹ̀dà jọ́nà tí íntánẹ́ẹ̀tì kò mọ̀ lè wà lórí pẹpẹ wọn.

Àwọn ará Gúúsù Amẹ́ríkà ti gbé ìgbésẹ̀ tó jù èyí lọ. BIREME, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní São Paulo ní 1967 gẹ́gẹ́ bí ilé-ìkàwé ìṣègùn fún gbogbo agbègbè náà, kò dúró dìgbà tí Philadelphia yóò rántí wọn. Ó gbé atọ́ka LILACS kalẹ̀ fún ìwé ìlera ní èdè Spéènì àti Pọtogí, ó sì wà lára àwọn tó dá SciELO sílẹ̀ ní Brazil ní 1998, níbi tí àwọn jọ́nà ti wà lọ́fẹ̀ẹ́ tí a sì ń ka ìtọ́kasí wọn.

Níbi tí ìtọ́kasí kò bá ti tó láti sọ ìtàn iṣẹ́ kan, ẹ̀rí mìíràn wà. Ní 2010, àwọn òṣìṣẹ́ Becker Medical Library ti Yunifásítì Washington ní St. Louis tẹ ìlànà kan jáde tó ń tọ́ olùtọ́jú ilé-ìkàwé sọ́nà láti wá ipa ìwádìí kọjá ìtọ́kasí: ṣé ó wọ inú ìlànà ìtọ́jú tí àwọn dókítà ń tẹ̀lé? Ṣé òfin kan tàbí ètò ìlera ìjọba tọ́ka sí i? Ṣé ó bí oògùn, ẹ̀rọ àyẹ̀wò tàbí ẹ̀tọ́ onímọ̀? Wíwá irú ẹ̀rí báyìí nira, nítorí pé ìwé ìlànà kì í sábà wà nínú àkójọ dátà, ó sì di dandan kí a ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀, gbólóhùn kan nínú ìwé ìlànà ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru ti orílẹ̀-èdè lè wúlò fún ẹni tó ń tọrọ owó ju ọgọ́rùn-ún ìtọ́kasí lọ. Altmetrics, ọ̀rọ̀ tí Jason Priem dá sílẹ̀ ní 2010, ń ka bí ìwé ìròyìn àti ìkànnì ayélujára ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa àpilẹ̀kọ. Ó yára, ṣùgbọ́n àríyànjiyàn àti ẹ̀fẹ̀ náà máa ń gbé e ga.

Yíyan jọ́nà àti sísá fún gbájú-ẹ̀

Ìbéèrè tó máa ń gbé dókítà ọ̀dọ́ wá sí ilé-ìkàwé jù ni: jọ́nà wo ni kí n fi iṣẹ́ mi ránṣẹ́ sí? Olùtọ́jú ilé-ìkàwé lè fi hàn án ibi tí àwọn àpilẹ̀kọ tó jọ tirẹ̀ ti jáde, bí ó ṣe pẹ́ tó kí wọ́n tó dáhùn, àti iye tí wọ́n ń gbà. Ó tún lè gbà á lọ́wọ́ àwọn jọ́nà gbájú-ẹ̀, ìyẹn àwọn tó ń gba owó láìṣe àyẹ̀wò kankan. Jeffrey Beall, olùtọ́jú ilé-ìkàwé ní Yunifásítì Colorado ní Denver, ló sọ wọ́n ní orúkọ tí gbogbo ayé fi mọ̀ wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ní 2010, ó sì to orúkọ wọn sórí ìkànnì rẹ̀ títí di 2017.

Òǹkà ni wọ́n fi ń dẹkùn. Jọ́nà bẹ́ẹ̀ á kọ impact factor gàgàrà sójú-ewé rẹ̀, èyí tí kì í ṣe Journal Citation Reports ló fún un. Àyẹ̀wò rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ: kí a wá orúkọ jọ́nà náà nínú Journal Citation Reports fúnra rẹ̀, nínú Directory of Open Access Journals, àti nínú katalọ́ọ̀gù ilé-ìkàwé ìṣègùn ìjọba Amẹ́ríkà láti mọ̀ bóyá ó wà nínú MEDLINE. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ pé kí àpilẹ̀kọ wà nínú PubMed yàtọ̀ sí kí jọ́nà rẹ̀ wà nínú MEDLINE. Ọ̀nà mìíràn wà tí àpilẹ̀kọ fi ń wọ PubMed, ibẹ̀ sì ni àwọn ọlọ́gbọ́n-ẹ̀wẹ́ máa ń gbà. Ìkànnì Think. Check. Submit., tó bẹ̀rẹ̀ ní 2015, ní ìbéèrè tí òǹkọ̀wé lè bi ara rẹ̀. Ẹni tó bá ti fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún gbájú-ẹ̀ kì í sábà rí i gbà padà, nítorí náà kí ó tó fi ránṣẹ́ ni ìmọ̀ràn ń wúlò.

Olùtọ́jú ilé-ìkàwé tún lè bá a wo àwọn ìwé tó fẹ́ tọ́ka sí, kí ó má lọ gbé ìlànà ìtọ́jú ka orí èyí tí wọ́n ti fagi lé. Àkójọ Retraction Watch ló wúlò jù fún èyí, Crossref sì ti ra á ní 2023, ó sì ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Zotero máa ń kìlọ̀ fúnra rẹ̀ bí irú àpilẹ̀kọ bẹ́ẹ̀ bá wà nínú àkójọ ẹni.

Àwòrán ìbáṣepọ̀

VOSviewer, ètò ọ̀fẹ́ tí Nees Jan van Eck àti Ludo Waltman ṣe ní Yunifásítì Leiden ní Netherlands, máa ń fi dátà ìtọ́kasí ya àwòrán. Ó lè fi hàn àwọn tó jọ ń kọ̀wé pọ̀, àwọn kókó tó ń lọ pọ̀, àti ibi tí àlàfo wà. Ẹ̀ka ìṣègùn tó ń wá alájọṣe fún ìwádìí lórí rọpárọsẹ̀ lè rí i lójú kan àwọn yunifásítì tó ti ń ṣe é. Àwòrán náà dùn ún wò, ó sì rọrùn láti mú un ní ohun tó ju bó ṣe jẹ́ lọ. Bí a bá yí ìwọ̀n kan padà nínú ètò náà, àwọn ẹgbẹ́ tó hàn lójú-ewé lè yí padà pẹ̀lú.

Àwọn ìlànà

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2012, àwọn olóòtú jọ́nà pàdé ní San Francisco níbi àpérò ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sẹ́ẹ̀lì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n sì gbé ìkéde tí a mọ̀ sí DORA kalẹ̀. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fi impact factor jọ́nà díwọ̀n bí iṣẹ́ ẹnì kan ṣe dára tó nígbà ìgbanisíṣẹ́, ìgbéga tàbí ìpín owó. Ní 2015, Diana Hicks àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ Leiden Manifesto jáde nínú Nature pẹ̀lú ìlànà mẹ́wàá. Mẹ́ta nínú wọn kan ilé-ìkàwé ìṣègùn gbọ̀ngbọ̀n: kí a dáàbò bo ìwádìí tó wúlò fún agbègbè tí a ti ṣe é, kí a jẹ́ kí ẹni tí a ń wọ̀n rí dátà rẹ̀ kí ó sì tún un ṣe, kí a má sì ṣe bí ẹni pé òǹkà péye ju bó ṣe lè péye lọ. Lórí èyí tó kẹ́yìn, Journal Citation Reports fúnra rẹ̀, tó máa ń kọ impact factor dé ipò kẹta lẹ́yìn àmì dẹ́símà, gé e kù sí ẹyọ kan ní 2023.

Àwọn ìlànà wọ̀nyí máa ń fi olùtọ́jú ilé-ìkàwé sí ipò tó le. Ìgbìmọ̀ lè ní kí ó mú òǹkà kan ṣoṣo wá fún ẹni mẹ́wàá tó ń du ipò kan, kí wọ́n lè tò wọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sí agbára lọ́wọ́ rẹ̀ láti kọ̀ fún wọn. Ohun tó lè ṣe ni kí ó fi òǹkà mìíràn tì í, kí ó kọ iye ọdún tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti lò lẹ́nu iṣẹ́ àti ẹ̀ka ìmọ̀ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn kọ́kọ́ rí àkójọ náà.

Bí wọ́n ṣe ń gbé ìjábọ̀ kalẹ̀

Ìjábọ̀ bibliometrics tó péye máa ń sọ àkójọ dátà tí wọ́n lò, ọjọ́ tí wọ́n wá a, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi wá a gẹ́lẹ́, irú ìwé tí wọ́n kà, àti bóyá wọ́n yọ ìtọ́kasí tí òǹkọ̀wé ṣe sí ara rẹ̀ kúrò. Ọjọ́ ṣe pàtàkì, nítorí pé òǹkà Scopus tí wọ́n mú ní oṣù Kẹta lè ti yàtọ̀ nígbà tó bá di oṣù Kẹrin. Bí àwọn àpilẹ̀kọ kan kò bá sí nínú àkójọ náà, wọ́n máa ń to orúkọ wọn sísàlẹ̀ lọ́tọ̀, kí ìgbìmọ̀ mọ̀ pé wọ́n wà.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn ilé-ìkàwé ìṣègùn kan ti yan òṣìṣẹ́ pàtó fún iṣẹ́ yìí. Ilé-ìkàwé NIH ní Bethesda ní ẹ̀ka bibliometrics tó tún ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn ní iṣẹ́ náà, Galter Health Sciences Library ti Yunifásítì Northwestern ní Chicago sì ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kan fún òǹkà àti ipa ìwádìí. Ilé-ìkàwé tí kò ní owó Web of Science tàbí Scopus lè fi PubMed, iCite, OpenAlex, ORCID àti VOSviewer bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn. Ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ ṣe ni kí wọ́n mú olùṣèwádìí márùn-ún tàbí mẹ́fà nínú ẹ̀ka kan, kí wọ́n tún orúkọ wọn ṣe, kí wọ́n sì fi àkójọ àpilẹ̀kọ tó péye lé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ́wọ́ kí àsìkò ìgbéga tó dé.